Ojú Ìwé Kejì Tí Don Mimì Kà Sókè

Pietrasalva, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, 1973

Ersilia ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí èyí tí mo fi ránṣẹ́ nígbà Kérésì, o ò dá a lóhùn títí di òní. Ṣé òtútù Winterthur ti gan ọ́ lọ́wọ́ ni, àbí bíírò ò sí ní ìlú àwọn tó ń ṣe aago? Èmi wà láàyè. Ojú ọ̀tún mi ò ṣe é fọkàn tán mọ́ láti ọjọ́ tí iná àgbẹ̀dẹ ti ta sí i. Mo lè kọ̀wé gàdàgbà-gadagba bí èyí tí ò ń wò yìí, ṣùgbọ́n mi ò lè ka tìrẹ tó rí wínníwínní. Don Mimì onígbàjámọ̀ ló ṣì ń bá mi kà á.

Gbọ́ ohun tí wọ́n fojú mi rí. Ẹnjiníà Malvito, ará ìlú ńlá yẹn, ra ilé mẹ́ta lójú ọ̀nà wa, ilé Màmá Filumena àbúrò ìyá rẹ wà lára wọn, ó wó ògiri àárín wọn, ó sọ wọ́n di hòtẹ́ẹ̀lì. Ó wá gbé pátákó kọ́, lẹ́tà rẹ̀ ga jù mí lọ: HÒTẸ́Ẹ̀LÌ ÀWỌN SIBARITA. Mo ní ó dáa, kó máa gbé e kọ́. Àfi bí òjíṣẹ́ alága ìlú ṣe mú ìwé wá lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní ìró òòlù mi ò ní jẹ́ kí àwọn àlejò sùn. Kí n kó àgbẹ̀dẹ mi kúrò kí oṣù kẹfà tó wọlé! Kí n kó o lọ síbo? Kí n gbé e pọ̀n? Bàbá tó bí bàbá mi ló ri owú yẹn mọ́lẹ̀. Kò sí ọkọ́ kan tí wọ́n fi gbẹ́ gbòǹgbò dídùn liquirizia ní gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí tí kò tọwọ́ ilé wa jáde.

Mo lọ bá alága ìlú, mo pariwo, òun náà pariwo. Nígbà tó rẹ àwa méjèèjì, ó ní tí ọgbọ̀n ará àdúgbò bá buwọ́ lùwé pé àwọn ń fẹ́ àgbẹ̀dẹ níbi tó wà, tí ìwé náà sì dé iwájú òun kí oṣù karùn-ún tó parí, òun á fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bá mi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Kọ ọ́ bí lọ́yà ṣe ń kọ ọ́. Tíṣà ibí ò ṣe é bẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹnjiníà ni.

Ohun kan tún wà. Kí ló ń jẹ́ sibarita gan-an? Mo bi tíṣà, ó ní, "Ẹ̀yin náà kọ́, Mástro Nicodemo? Àwọn baba ńlá yín ni," ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ mi.

Bàbá rẹ,
Nicodemo Arcuri


Winterthur, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta, 1973

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ iná, ẹ kú ojú tó ń dùn yín, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú ọmọ tí kì í kọ̀wé. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rọ ìhunṣọ mẹ́rin ni mò ń dá wò láti àárọ̀, tí mo bá fi máa délé, etí mi ń hó bí ìkòkò.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ yín ló wà lójú ìwé kìn-ín-ní. Ẹ jẹ́ kí Don Mimì kà á fún àwọn èèyàn, kí wọ́n buwọ́ lù ú nísàlẹ̀.

Ojú ìwé kejì yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Ẹ bi mí léèrè sibarita. Ọjọ́ Sátidé ni mo fi lọ sí ilé ìkàwé níbí, mo sì kàwé títí wọ́n fi ń pa iná mọ́ mi lórí. Ìlú kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Sibari, lábẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ wa níbi tí ẹrẹ̀ wà yẹn gan-an. Wọ́n lówó, wọ́n sì mọ ìgbádùn débi tí ìtàn wọn fi di ẹ̀rín. Wọ́n ní ọkùnrin wọn kan sùn sórí òdòdó róòsì, ó jí, ó ní òun ò rójú oorun torí pé ewé òdòdó kan ká lábẹ́ òun. Òmíràn rí àwọn tó ń roko, ó ní wíwò tí òun wò wọ́n, nǹkan já nínú òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Gbígbọ́ tí mo gbọ́ ọ yìí, ẹ̀gbẹ́ ti ń gún mi." Ẹ wá gbọ́ èyí tó kàn yín: wọ́n lé gbogbo alágbẹ̀dẹ jáde kúrò ní ìlú, wọ́n lé gbẹ́nàgbẹ́nà, wọ́n lé àkùkọ, kí ariwo má bàa jí wọn! Ẹ̀rín pa mí nínú ilé ìkàwé, obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí n bọ́ síta. Wọ́n ní àwọn ará Crotone, ọ̀tá wọn, ló darí odò sí wọn lórí nígbẹ̀yìn, tí ìlú náà fi pòórá.

Látìgbà náà, àwọn òǹkọ̀wé ò fi orúkọ náà pe ará ìlú kankan mọ́. Jayéjayé ni wọ́n ń fi pè, ọmọ àkẹ́bàjẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ ò gba ìnira kékeré. Oníwàásù a máa fi na olówó lẹ́gba. Akéwì tí ìgbádùn jìnnà sí a máa fi bú ẹni tó ń rí i jẹ. Nínú ìwé ìtàn, tí wọ́n bá ti pe ọkùnrin kan ní sibarita ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé yóò tẹ́ kí ìwé tó parí. Mo wá a títí, mi ò rí ẹni kan tó fi pe ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń fi pè.

Èmi náà á fi pe ẹlòmíràn. Bàbá, kì í ṣe ẹnjiníà ni sibarita àkọ́kọ́ ní Pietrasalva. Ẹni tó ń ta ilé fún un ni. Ẹnì kan tó tọ̀dọ̀ yín dé sọ fún mi pé àwọn ọkùnrin wa ò lọ sóko mọ́, wọ́n jókòó sí gbàgede, wọ́n ń retí àlejò tí wọ́n máa bá gbé báàgì. Ó ní Màmá Filumena ta ilé tí wọ́n bí i sí tán, ó wá ń dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan títí di aago mẹ́rin bí olorì. Obìnrin tó máa ń jí mi ní aago mẹ́rin àárọ̀! Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ lé jáde nítorí oorun rẹ̀ àti tàwọn bíi tirẹ̀. Ó dùn mí wọra ni mo ṣe kọ ọ́.

Ọmọ yín,
Ersilia


Pietrasalva, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, 1973

Ersilia,

Mi ò kí ọ. Má rò pé mo gbàgbé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn máàsì, mo gbé àpòòwé rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Don Mimì bí mo ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé Winterthur ti mú ọ gbàgbé bí nǹkan ṣe ń lọ níbí ni? Lẹ́tà tó bá ti ìlú òkèèrè wá, ojú gbogbo àdúgbò la ti ń tú u. Ẹni tó bá dá tú tirẹ̀ nínú yàrá, wọ́n á ní òkú ló wà níbẹ̀ tàbí ìtìjú. Mo jókòó lórí àga, ọṣẹ wà lágbọ̀n mi. Èèyàn bí ogún kún ibẹ̀. Filumena gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà níta, ó ń gbọ́ ohùn rẹ láti ibẹ̀.

Don Mimì ka ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Ó dùn, mi ò ní purọ́! Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tilẹ̀ ti ń wá bíírò kiri. Mo ní ó tó, ká buwọ́ lùwé. Don Mimì ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ó fa ohùn: "Ojú ìwé kejì yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí." Ṣe ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sún mọ́ ọn. Mo ní, "Mimì, dáwọ́ dúró." Ó ní, "Mástro, ẹ̀yin náà kọ́ ni mò ń kà á fún? Àwọn yìí kàn dúró síbẹ̀ ni." Kí n dìde kí n já a gbà, abẹ wà lọ́rùn mi.

Ìtàn róòsì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìtàn àkùkọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi Pietrasalva, ohùn Mimì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n aṣiwèrè náà ò dúró, ó kà á débi orúkọ rẹ tó wà nísàlẹ̀.

Filumena dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Nicodemo, ẹ káàárọ̀ tí mo kí ọ láàárọ̀ yìí, òun ni ìkẹyìn." Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tó ti gbẹ.

Wọ́n ti gba ìkíni wọn lọ́wọ́ mi, Ersilia. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ níbí. Mo gba gbàgede kọjá, mo ní ẹ káàárọ̀, wọ́n ń wo ògiri. Kò sẹ́ni tó mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá kí n kan bàtà fún un láti ọjọ́ náà. Filumena tó máa ń gbé abọ́ páástà lagane àti ẹ̀wà ceci wá fún mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, ó gba iwájú àgbẹ̀dẹ kọjá bí ẹni tó gba iwájú àgọ́ ọlọ́pàá. A kì í buwọ́ lùwé fún ẹni tí a kì í kí. Ìbuwọ́lù mélòó ni mo ní? Òdo.

Kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ mìíràn kíákíá, ẹ̀bẹ̀ sí Filumena àti sí gbogbo wọn, kí Mimì kà á sókè níbi tó ti ka ti tẹ́lẹ̀. Oṣù karùn-ún ò jìnnà.

Nicodemo


Winterthur, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, 1973

Bàbá mi,

Ẹ ò kí mi, èmi kí yín. Ẹ kú ìdákẹ́jẹ́ tó wà ládùúgbò.

Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Ìgbà mẹ́ta ni mo kọ̀wé yìí tí mo ya á. Inú ló ń bí mi, kí n má tàn yín jẹ. Mo kọ ọ́ kedere pé ẹ̀yin nìkan! Kí ló kù tí mo lè kọ? Ẹ̀gún ni kí n fi dì í? Ẹ gbé ọ̀rọ̀ inú mi lọ sáàárín ogún ọkùnrin, ọṣẹ wà lágbọ̀n yín, ẹ wá ní kí èmi bẹ̀bẹ̀. Don Mimì ńkọ́? Ta ló ń gba ìkíni lọ́wọ́ Don Mimì?

Èwo ló jẹ́ irọ́ nínú ohun tí mo kọ? Ṣé Màmá Filumena ò ta ilé ni? Ṣé kì í sùn lọ́sàn-án ni? Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mo kúrò nílé, ó sì wà lórí mi títí di àárọ̀ ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin: "Dìde, Ersilia, ọ̀lẹ, oòrùn ti wọlé." Mo ti ń dìde láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ mi wú nídìí ẹ̀rọ, mi ò ní gbàgede tí mo lè jókòó sí. Kí wọ́n má wá kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ ìtìjú.

Ẹ fi àgbẹ̀dẹ náà sílẹ̀, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá mi kéré ṣùgbọ́n ó móoru. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ersilia


Pietrasalva, ọjọ́ keje oṣù karùn-ún, 1973

Ersilia,

Lẹ́tà rẹ dé. Mi ò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo dá tú u, èmi nìkan, mo fi ojú òsì wò ó ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì ni mo fi kà á. Àdúgbò rí i pé mo dá tú u, wọ́n wá ń wò ó pé ta ló kú.

O ní èwo ni irọ́. Jókòó kí n sọ fún ọ. Filumena ní kí n má sọ ọ́, ó ní kí ọkàn rẹ má bàa dà rú níbi tí o wà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mi ò jẹ ẹ́ ní ìdákẹ́.

Ogójì ọdún ni obìnrin yẹn fi wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ó ń gbẹ́ liquirizia, o ṣáà ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí nígbà tí o kéré. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti tán. Ó wú tó orí ọmọ tuntun. Nígbà òtútù tó kọjá, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó wà nílẹ̀ láti àárọ̀ títí tí mo fi ṣe kàyéfì pé n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi ni mo gbé e. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn mọ́ láé, àti pé tó bá di ọ̀sán kó dùbúlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lè rìn. Ilé alátẹ̀gùn ló tà, ó wọ yàrá kan nísàlẹ̀, ní òdìkejì àgbẹ̀dẹ mi. Òun ni olorì rẹ nìyẹn.

Má wá sọ fún mi pé o ò mọ̀. Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀.

Mi ò wá sí Winterthur. Kí n wá jókòó sínú yàrá tó móoru kí n máa ṣe kí ni? Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà wà lórí owú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló kù. Ó ti sú mi.

Bàbá rẹ


Winterthur, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, 1973

Don Mimì, ẹ kà á sókè. Gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan.

Mo kí ẹ̀yin ará àdúgbò mi, ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ̀yin tí ẹ jókòó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ láti ìta. Ẹ ò ní láti dá mi lóhùn.

Mo ka ìwé mẹ́fà nípa àwọn sibarita. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ wọn ń dán. Kò sí ìkankan nínú àwọn tó kọ ọ́ tó lọ sí Sibari lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ pé kí ló ń ṣe ọ́. Èmi náà ò béèrè. Mo jókòó síbí, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo fẹ́ kí ẹnì kan wà tí nǹkan rọrùn fún kí n lè bú u. Mo mú ẹni tó tọ́ mi.

Màmá Filumena, mi ò mọ̀ nípa orúnkún yín. Kì í ṣe àwáwí, torí pé mo lè béèrè, mi ò sì béèrè fún odidi ọdún mẹ́sàn-án. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo kọ, "ẹ bá mi kí Màmá Filumena" ni mo máa ń kọ sísàlẹ̀, ó pin. Ojú ń tì mí. Mo sunkún nídìí ẹ̀rọ títí òwú fi já mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n sì bá mi wí, ó tọ́ sí mi.

Ẹ̀yin ọkùnrin gbàgede, mi ò rí yín, mo fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ yín. Ẹ forí jì mí.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bàbá mi ò kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ẹ dá ìkíni rẹ̀ padà fún un, èmi ni kí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa iná àgbẹ̀dẹ rẹ̀ nítorí ẹnu mi.

Ersilia Arcuri


Pietrasalva, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, 1973

Ersilia,

Èmi Filumena ni. Mimì ló ń bá mi kọ ọ́, ó sì ti ṣèlérí pé ohun tí mo bá sọ nìkan ni òun á kọ. (Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣèlérí. Mimì.) Mo ní kó má fi nǹkan kan kún un, wò ó.

Wọ́n ka tìrẹ lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan sunkún, àwọn tí ẹkún máa ń yá. Èmi ò sun. Mo lọ sílé, mo dùbúlẹ̀ bí olorì.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo wọ àgbẹ̀dẹ, mo mú ìwé ẹ̀bẹ̀ náà kúrò lórí owú. Bàbá rẹ ní, "Filumena!" Mi ò dá a lóhùn. Mo gbé ọ̀pá mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́ lẹ́bàá ibi ìfọṣọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ọmọ rẹ̀ bú jù?" Mo ní, "Èmi ni wọ́n bú. Bí èmi bá buwọ́ lù ú, kí ni tìrẹ?" Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn ín, àtẹ̀gùn tí dókítà ní kí n má gùn, mo gun mọ́kànlá nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ̀ fún mi. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Mo fa àgbélébùú tèmi sísàlẹ̀, torí mi ò mọ̀wé, ó pé ọgbọ̀n. Mimì gbé e lọ fún alága ìlú láàárọ̀ yìí, alága ìlú kà á, ó sì lu òǹtẹ̀. Àgbẹ̀dẹ ò lọ síbì kankan. Ẹnjiníà ní òun á wá òwú tí àwọn àlejò á fi dí etí.

Má rò pé mo ti dárí jì ọ́. Ìró òòlù yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ àti pé Nicodemo ò tíì kú. Bó bá kó lọ sọ́dọ̀ rẹ, ta ni màá máa ṣe bí ẹni tí kò rí? Bàbá rẹ, mo kí i lónìí. Mo ní "Nicodemo" péré. Òòlù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tìrẹ yàtọ̀. O ní ká gba ìkíni lọ́wọ́ rẹ, mo ti gbà á. Mi ò lè fi í ránṣẹ́ padà nínú àpòòwé, a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ níbí, o sì mọ̀. Wọ ọkọ̀ ojú irin kí o máa bọ̀. Dúró lójú ọ̀nà wa ní ọ̀sán, níṣojú gbogbo wọn, kí o kí mi. Màá wò ó bóyá màá dáhùn.

Má jẹ́ kó pẹ́. Mo fẹ́ wà lórí ìdúró lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kọ̀ láti dá ọ lóhùn.

Filumena, pẹ̀lú àgbélébùú ọwọ́ ara rẹ̀